Ẹni Tó Bú Ẹkùn ní Gbangba, Ṣé Ó Ń Kan Sáárá sí I ní Kọ̀rọ̀?

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá ti mú bírò lójú ewé lámèyítọ́ báyìí, ewì ẹnìkan ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ara mi ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́, àwọn àgbà òǹkọ̀wé ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ka ewì sí wa létí ní ìpàdé. Ewì ọ̀hún gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan ló ti ń ké pe ẹnìkan tàbí nǹkan kan: ó pe ìyá rẹ̀ àgbà, ó pe ìlú wọn, ó pe àwọ̀ ara rẹ̀ dúdú, ó ní òun kò tijú. Bó ṣe parí ni mo dìde. Mo ní èyí kì í ṣe ewì, ìkéde ni. Mo ní ṣé ẹkùn máa ń rìn káàkiri inú igbó kó máa pariwo pé ẹkùn lòun? Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹnìkan tiẹ̀ na ọwọ́ sí mi pé kí n gbà á bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ká ìwé rẹ̀, ó jókòó. Kò ka ewì kankan fún wa mọ́ títí sáà fi parí.

Kí ẹ má baà rò pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ẹkùn yẹn, Wọlé Ṣóyínká ló ni ín. Mo yá a lò ni, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo yá a.

Nígbà tí a wà ní ìsinmi, mo ń da ewì tèmi kọ sórí tákàdá tó mọ́ kí n lè fi í ránṣẹ́ sí olóòtú wa. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀. Ìpín mẹ́fà ni ewì mi ní. Ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpè. Mo pe bàbá mi, mo pe odò ìlú wa, mo pe ọ̀kadà tó gbé mi lọ sílé ìwé. Mi ò jí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kankan o. Àmọ́ ìlù tí mo jó sí, òun ló lù ú.

Ìbéèrè tó wá ń dà mí láàmú ni èyí tí ẹ̀yin náà ti máa ń jà lé lórí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: àwọn òǹkọ̀wé tó lórúkọ, tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wọn ní gbangba, ṣé wọ́n máa ń gba tiwọn ní kọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń yára dáhùn pé, "Àbí kí lẹ rò? Ó ń bú u torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ara mi, mo rí i pé ìdáhùn yẹn ti rọrùn jù. Ẹ jẹ́ ká tọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹkùn yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni àwọn mẹ́ta kan jẹ́ ní ìlú Paris. Léopold Sédar Senghor wá láti Senegal, Aimé Césaire wá láti Martinique, Léon-Gontran Damas wá láti Guyane. Ìlú tí wọ́n wà kọ́ wọn pé Áfíríkà kò ní ìtàn, kò ní ọgbọ́n, kò ní nǹkan kan tó lè mú wá sílé ayé. Wọ́n mú orúkọ tí àwọn òyìnbó fi ń bú ènìyàn dúdú, wọ́n gbé e borí bíi fìlà. Wọ́n sọ èébú di oríkì. Ohun tí wọ́n ń pè ní Négritude nìyẹn. Ewì Senghor kún fún orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibi, ó kún fún ìyìn obìnrin dúdú, ìyìn ìlù, ìyìn àwọn tó ti kú.

Nígbà tí ìwé wọn dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, kò bá gbogbo wọn lára mu. Ẹ wá wo ibi tí ẹṣẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde o. Kì í ṣe inú ìwé ńlá kankan. Inú ìwé pẹlẹbẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, The Horn, tí J. P. Clark dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ń fojú kéré ìwé tí a ń fi pín-ìn-nì dè yìí, kó rántí ìyẹn. Ibẹ̀ ni Ṣóyínká ti kọ àròkọ kan ní 1960, ọdún tó ti ìlú ọba padà dé. Ẹkùn kọ́ ló lò nígbà náà, ẹtu ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹtu kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn ká tó mọ̀ pé ẹtu ni. Bó ṣe ń fò la fi ń dá a mọ̀. Nínú àròkọ yẹn kan náà, ó yin Chinua Achebe, ó sì gbé Senghor sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 1962, àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ṣe ìpàdé ńlá ní Makerere, ní Kampala. Ibẹ̀ ni ẹtu ti di tígà. Ọ̀rọ̀ náà sì fò láti ẹnu dé ẹnu títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwa tí a kò tíì bí nígbà náà. Lónìí, ẹni tí kò ka ewì Senghor kan ṣoṣo rí mọ̀ pé Ṣóyínká fi tígà bú u. Èmi gan-an wà lára wọn. Ọjọ́ tí mo fi ẹkùn lu ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì ka Senghor.

Mo ti wá kà á báyìí, nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní yàrá ìkàwé wa, mo sì ní nǹkan mẹ́ta láti sọ.

Èkíní, tígà yẹn kò sí nínú igbó wa, ará Éṣíà ni. Àwa la fi ẹkùn dí i. Bí a bá sì ti fi ẹkùn dí i, àfi ká gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wa sọ nípa ẹkùn. Wọ́n ní, "Bí ẹkùn ò bá fẹ̀, èse là ń pè é." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tó ni ẹkùn, tí wọ́n ń gbé inú igbó kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò sọ pé ẹkùn kì í fẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pè é ní ológbò. Ní Paris ọdún 1930 sí 1939, èse ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Kí ni Senghor ìbá ṣe bí kò bá fẹ̀? Èsì kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ó fún Ṣóyínká, pé ẹranko ni tígà, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ torí pé ó ń ronú. Èsì tó mú ni, àmọ́ òwe wa mú jù ú lọ.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹtu. Gbogbo ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì ìjálá mọ̀ pé ọdẹ ní oríkì fún ẹtu, ó ní fún erin, ó ní fún ẹkùn. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, kún fún irú oríkì bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni Ṣóyínká sọ: ẹtu kò kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi kọ ọ́ ni pé oníjàlá ti bá a kọ ọ́. Ẹnìkan ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wò ó bó ṣe ń fò, kó pè é lórúkọ tó bá ìfò náà mu. Iṣẹ́ akéwì nìyẹn nílẹ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó mọ Paris. Mo rò pé oníjàlá ni Senghor ń ṣe nínú àwọn ewì rẹ̀ tó dára jù. Ibi tí wọn kò ti dára ni ibi tó ti gbàgbé ẹtu, tó wá ń kan sáárá sí ohùn ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí n má baà ṣe ojúsàájú, Ṣóyínká ní ẹjọ́ tó jinlẹ̀ ju ti tígà lọ. Ní 1964, ní ìpàdé kan ní Berlin, ó ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpolongo àti ewì lòun ń tọ́ka sí ní Kampala. Ó ní bí o bá kọjá níbi tí tígà ti jẹun, tí o rí egungun ẹtu nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé tígà ti débẹ̀. Èyí kì í ṣe èébú mọ́, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ wa ni. Ó tún wà pẹ̀lú pé ní 1939 Senghor ti kọ ọ́ pé ìmọ̀lára ni ti ènìyàn dúdú, làákàyè ni ti àwọn Gíríìkì. Ìyẹn ni Ṣóyínká kọ̀ jálẹ̀. Bí a bá gba irú ìpín bẹ́ẹ̀, a ti jẹ́ kí òyìnbó pín ogún fún wa, a sì ń dúpẹ́ fún àjẹkù. Níbi yìí, ẹ̀yìn Ṣóyínká ni mo wà.

Ó yá o, ṣé ọkùnrin tó ń ja ìjà yìí ń gba ti Senghor ní kọ̀rọ̀? Èmi kò wọ inú ọkàn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo lè wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan.

Ní oṣù kẹrin 1966, Senghor tó ti di ààrẹ Senegal ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ènìyàn dúdú àgbáyé ní Dakar. Ṣóyínká kò jókòó sílé kó máa yínmú. Wọ́n ṣe eré rẹ̀ Kongi's Harvest níbẹ̀, The Road sì gba ẹ̀bùn. Ẹ tún wo ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀: eré tó gbé lọ síwájú ààrẹ yẹn dá lórí ààrẹ kan tó fẹ́ fi tipátipá gba iṣu tuntun lọ́wọ́ ọba. Ó jẹ oúnjẹ Senghor, ó sì fi ata sí i.

Ní 1976, ìwé rẹ̀ Myth, Literature and the African World jáde, láti inú àwọn lẹ́kíṣọ̀ tó ṣe ní Cambridge ní 1973. Ó tún na Négritude níbẹ̀, ó sì nà án gan-an. Ṣùgbọ́n láàárín nínà ọ̀hún, ó sọ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ìran tí àwọn Négritude rí. Kí ló wá fi kún ìwé náà? Ògún, Ọbàtálá àti Ṣàngó. Ó ń fi wọ́n hàn àwọn ọmọ Cambridge pé Áfíríkà ní ojú tirẹ̀ tó fi ń wo ayé, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹkùn kọ́ ló ń fẹ̀ yìí? Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ògún tirẹ̀ kì í jókòó kí wọ́n máa yìn ín, ó ń la ọ̀nà, ó ń ṣìṣe, ó ń pa ará ilé rẹ̀, ó ń kábàámọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bo orúkọ òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀, tí ẹ ní kí n sọ ilé tí ìwé náà ti jáde, mi ò ní sọ pé ó jìnnà sí ilé Senghor.

Lẹ́yìn náà ló kan 1999. The Burden of Memory, the Muse of Forgiveness jáde, láti inú lẹ́kíṣọ̀ tó ṣe ní Harvard. Apá mẹ́ta ni ìwé náà ní, orúkọ Négritude sì wà lórí méjì nínú wọn. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìdáríjì. Senghor jagun fún Faransé, àwọn Jámánì mú un ní 1940, ó wà lẹ́wọ̀n wọn di 1942, ó sì mọ ohun tí Faransé ti ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Síbẹ̀, ó kọ ewì tó fi dárí jì wọ́n. Ṣóyínká tí ìjọba tiwa náà tì mọ́lé láti 1967 di 1969 kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀. Ó bi í léèrè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò gbà fún un tán, kò sì lè fi í sílẹ̀. Láti 1960 sí 1999, ọdún mọ́kàndínlógójì nìyẹn. Ta ni nínú wa ló máa ń bá ẹni tí kò kà sí jà fún ọdún mọ́kàndínlógójì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka sí ohun kan níbi yìí. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, gbangba ló ti ṣẹlẹ̀. Inú ìwé tó wà lọ́jà ni Ṣóyínká ti sọ ọ́. Senghor ṣì wà láyé ní 1999. Oṣù kejìlá 2001 ló kú.

Ẹ lè ní kí n mú ẹjọ́ kan wá tó jẹ́ ti kọ̀rọ̀ lóòótọ́, níbi tí àpótí ti ṣí tí a sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìlú London lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjì tí lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ wọn di ohun tí gbogbo ayé ń kà lẹ́yìn ikú wọn.

Katherine Mansfield wá láti New Zealand. Virginia Woolf àti ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, àwọn ni wọ́n tẹ ìtàn Mansfield tó ń jẹ́ Prelude jáde ní 1918. Ní 1919, Woolf gbé ìtàn-àròsọ Night and Day jáde. Mansfield kọ lámèyítọ́ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Athenaeum tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe olóòtú fún. Ó fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ó fi ìwé náà wé ọkọ̀ ojú omi tó padà wá sí èbúté láìní àpá kankan lára. Ẹni tó bá yára kà á lè rò pé ìyìn ni. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tó kọ sí ọkọ rẹ̀, ó ní irọ́ ni ìwé náà ń pa láti inú wá, torí pé ó ṣe bí ẹni pé ogun kò jà rí. Ẹ má gbàgbé pé ní 1915, àsìkò ogun yẹn, ni bọ́ǹbù pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ṣọ́jà.

Ẹ rí i báyìí? Àwa ń rò pé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń yin ara wọn. Mansfield yìí, kọ̀rọ̀ ló ti nà án jù. Gbangba ló ti rọra.

Woolf ńkọ́? Ní 1918, ó ka ìtàn Mansfield tó ń jẹ́ Bliss, inú bí i, ó sì kọ ọ̀rọ̀ líle sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1923, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Mansfield lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Woolf jókòó ti ìwé ìrántí yẹn kan náà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíkọ Mansfield nìkan ṣoṣo lòun jowú rẹ̀ rí. Èébú wà nínú àpótí kan náà tí ìyìn wà. Mo tún kíyè sí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn Night and Day, ogun wọ inú ìwé Woolf: Jacob's Room ní 1922 dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ogun gbé lọ, Mrs Dalloway ní 1925 ní ṣọ́jà kan tí ogun ti da orí rẹ̀ rú. Mi ò ní sọ pé Mansfield ló fà á, mi ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń sọ nǹkan tí ẹnu kò sọ.

Ọ̀rọ̀ ìlara yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn ara wọn ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kí ló ṣe Mansfield láǹfààní? Ilẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ó kú láìgbọ́ ọ.

Kí n tó parí, ó yẹ kí n dá àwọn kan lóhùn tí wọ́n máa ń lo "ó fẹ́ràn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀" láti fi pa ẹnu alárìíwísí mọ́. Ní 18 oṣù kejì 1975, Chinua Achebe ṣe lẹ́kíṣọ̀ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, ó sì pe Joseph Conrad ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà nítorí ìwé Heart of Darkness. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan bínú. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni Achebe ti gbà pé Conrad mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ, ó sì mọ ìtàn sọ. Kò fi í pamọ́. Nítorí náà, ẹ má wá sọ fún mi pé Achebe ń gba ti Conrad lábẹ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ìyẹn wẹ Conrad mọ́. Ẹni náà mọ ìtàn sọ. Àwọn ènìyàn dúdú inú ìtàn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohùn. Òótọ́ ni méjèèjì. Achebe sì gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Mo rò pé ìbéèrè tí a ń bi ara wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò pé. Pé òǹkọ̀wé ń gba ti ẹni tó ń bú, ìyẹn kì í ṣe ìyanu. Ta la ó máa bá jà bí kò ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ibi tí àwa náà ń lọ? Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ni pé, kí ló dé tí ìyìn fi ní láti wà ní kọ̀rọ̀, nígbà tí èébú gba gbangba? Ta ló san gbèsè rẹ̀ níbi tó ti jẹ ẹ́? Ṣóyínká san lára tirẹ̀, ìjà kò sì tán. Achebe san tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Woolf kọ tirẹ̀ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó sì kọ ọ́ lẹ́yìn ikú.

Èmi náà gbìyànjú láti san tèmi ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọlé sáà yìí, mo lọ sí yàrá ọ̀rẹ́ mi. Mo mú ewì mi dání. Mo fi ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn án, mo ní, "Wò ó, ọwọ́ ẹ ni mo ti kọ́ ọ." Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ náà ti ń pariwo ẹkùn nìyẹn." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìgbà tó o bú mi, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?" Mo ní a tó ọgbọ̀n. Ó wo inú yàrá yíká. Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀, àti ẹnìkan tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè. Kò sọ nǹkan mìíràn, ó lọ gbé omi kaná.

Ìdí tí mo fi kọ èyí síbi tí ọgbọ̀n ènìyàn yóò ti kà á nìyẹn, bí olóòtú bá sì rí owó fọtokọ́pì dáadáa, wọ́n á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Mo rí erin ní sáà tó kọjá, mo ní mo rí nǹkan fìrí.

Mi ò kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ewì ọ̀rẹ́ mi gùn jù, ìpín kẹta rẹ̀ ń ṣàlàyé ohun tí ìpín kejì ti fi hàn wá, bó bá gé e kúrò yóò dára sí i. Mo sọ ọ́ fún un nínú yàrá, mo tún sọ ọ́ níbí. Èyí tí mo kó jẹ ni ẹkùn. Mi ò lò ó láti tún ewì ṣe, ẹ̀rín ni mo fi ń wá, mo sì yá a láìmọ ibi tó ti wá. Ìpè tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín ewì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ariwo. Oníjàlá ló ń ṣe: ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà, ó ń pè é lórúkọ tó bá ìrìn rẹ̀ mu, torí pé ìyá kò ní pe ara rẹ̀.

Ewì tèmi wà nínú ìwé yìí náà, ní àwọn ojú ewé tó ń bọ̀. Mo ti bẹ olóòtú pé kó kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé rẹ̀ pé ọwọ́ ẹni tí mo ti gba ìlù rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kò sí ìwé ìròyìn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí tiwa ṣe é. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé àwọn tí yóò ka ewì ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo máa wà níbẹ̀, ní ìlà iwájú, pẹ̀lú bírò mi. Bí ìpín kẹta bá ṣì gùn, màá dìde.